Láti eyín dé ìfun: bí àwọn dókítà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwòsàn wèrè nínú ikùn

Ọdún 1907 ni Henry Cotton di ọ̀gá àgbà ní ilé ìwòsàn ìjọba fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Trenton, ìpínlẹ̀ New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Emil Kraepelin, gbajúmọ̀ dókítà àrùn ọpọlọ, ní Munich lórílẹ̀-èdè Germany kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ rere ló fi bẹ̀rẹ̀: ó kó gbogbo ohun tí wọ́n fi ń de àwọn aláìsàn mọ́lẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn náà. Mo fẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà burú gan-an.

Cotton gbà pé kòkòrò tó sá pamọ́ síbì kan nínú ara ló ń da májèlé sínú ẹ̀jẹ̀, tí májèlé náà á sì gun ọpọlọ lọ. Ẹ wá ibùba kòkòrò náà, ẹ gé e sọnù, orí á pé. Eyín ló kọ́kọ́ dojú kọ. Bí wọ́n bá yọ eyín aláìsàn tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á bọ́ sí ọ̀fun, wọ́n á gé ẹran kéékèèké tó wà níbẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá ràn án, wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á sì gé ìfun ńlá kúrò.

Ẹ má rò pé òun nìkan ló dá a rò. Lọ́dún 1913, Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York (òun náà ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wá pa sí Accra lọ́dún 1928), rí kòkòrò sífílísì nínú ọpọlọ àwọn tí irú wèrè kan ti pa. Ó hàn kedere nígbà náà pé kòkòrò lè da orí ènìyàn rú. Ní Paris, Élie Metchnikoff, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, sì ti ń sọ ọ́ ṣáájú ìgbà yẹn pé ohun tó ń jẹrà nínú ìfun ńlá ló ń fi májèlé pa wá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Metchnikoff kò mú ọ̀bẹ. Wàrà kíkan àwọn ará Bulgaria ló ní ká máa mu, kí bakitéríà inú rẹ̀ lè lé àwọn aṣebi jáde. Lọ́dún 1908, ọdún tí Metchnikoff gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ mìíràn, ni Eugen Bleuler, dókítà ará Switzerland, dúró níwájú àwọn dókítà ní Berlin, tó fún irú wèrè kan, èyí tó lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní: schizophrenia.

Wàrà kíkan yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti ṣí ìkòkò ògì ọjọ́ kẹta rí, tó fi ife rọra bu omídùn tó tòrò sókè, mọ òórùn rẹ̀: ó kan, ó ń ta sí imú, síbẹ̀ kò bàjẹ́. Ẹbí bakitéríà kan náà, Lactobacillus, tó ń mú wàrà kan, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ní omídùn tipẹ́tipẹ́.

Ní Trenton, ọ̀bẹ ló ń ṣiṣẹ́ ní tiwọn. Cotton ń kéde pé nínú 100 aláìsàn, 85 ń gbádùn. Òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé nínú mẹ́wàá tí wọ́n gé ìfun wọn, bíi mẹ́ta ń kú. Kò tíì sí penisilíìnì láyé nígbà náà. Bí ìdọ̀tí ìfun bá ti dà sínú ikùn, ó ti parí. Ohun tó ń ṣe dá a lójú débi pé ó yọ eyín àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gé nínú ìfun ọ̀kan nínú wọn.

Lọ́dún 1922, Nicolas Kopeloff, onímọ̀ bakitéríà, àti Clarence Cheney ní New York gbé èsì ìdánwò tiwọn jáde. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì; wọ́n gé ohun tí Cotton ní kí wọ́n gé lára apá kan, wọn kò fọwọ́ kan apá kejì. Àwọn tí wọ́n gé kò sàn ju àwọn tí wọn kò gé lọ. Lẹ́yìn náà, Adolf Meyer, olùkọ́ Cotton tẹ́lẹ̀, rán dókítà kan, Phyllis Greenacre, lọ sí Trenton láti lọ yẹ ìwé àwọn aláìsàn wò. Ohun tó rí ni pé àwọn tó kú pọ̀ ju èyí tí Cotton ń kà lọ, àti pé ìwòsàn tó ń kéde kò sí níbẹ̀. Meyer fi àbọ̀ ìwádìí Greenacre pamọ́. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí àwọn tí wọ́n ṣì ń gbé wọlé fún ọ̀bẹ lásìkò náà kò ní ẹnu tí wọ́n lè fi kọ̀. Ọdún 1930 ni Cotton tó kúrò lórí oyè.

Kopeloff ní tirẹ̀ kò pa ikùn tì. Ó yí sí wàrà tí wọ́n fi Lactobacillus acidophilus pò, ó ń fi tọ́jú àìrígbẹ́yà, ó sì kọ odidi ìwé lé bakitéríà náà lọ́dún 1926.

Nígbà tó di 1952, tí oògùn wèrè kan, chlorpromazine, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fáwọn aláìsàn ní Paris, gbogbo ojú padà sí ọpọlọ, ọ̀rọ̀ ikùn sì di ohun ìgbàgbé.

Eku ló tún un jí. Lọ́dún 2004, Nobuyuki Sudo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Kyushu ní Japan mú eku tí wọ́n tọ́ níbi tí kòkòrò kankan kò sí, wọ́n há a mọ́ ibi tóóró tí kò ti lè yíra padà. Omi ara tí ìpayà máa ń mú jáde pọ̀ lára rẹ̀ ju ti eku lásán lọ. Nígbà tí wọ́n fi bakitéríà kan ṣoṣo, Bifidobacterium infantis, sínú ìfun irú eku bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ara rẹ̀ balẹ̀. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Chongqing, ní China, gbé bakitéríà inú ìgbẹ́ àwọn tó ní schizophrenia sínú eku tí kò ní kòkòrò. Ìwà eku náà yí padà, glutamate, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, sì dín kù nínú ọpọlọ rẹ̀.

Àmọ́ eku kì í ṣe ènìyàn. Ní Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Faith Dickerson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi bakitéríà dán aláìsàn schizophrenia 65 wò fún ọ̀sẹ̀ 14, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Oríṣi méjì ni wọ́n fún apá kan nínú wọn, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, gbogbo wọn sì ń lo oògùn wọn lọ. Àìsàn ọpọlọ wọn kò fi ìyàtọ̀ hàn. Ìgbẹ́ yíyà ló rọrùn fún àwọn tó gba bakitéríà.

Àwọn kan máa ń ka ìyẹn sí èsì kékeré. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Clozapine, oògùn tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù kò bá ran schizophrenia, máa ń mú kí iṣẹ́ ìfun falẹ̀ débi pé inú aláìsàn á dí pa, ó sì ti gba ẹ̀mí. Ẹni tí ohùn ń pariwo sí létí lè má rántí sọ pé inú òun dí. Bí ẹbí yín bá ń lò ó, ẹ bi í léèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Bó bá ti pẹ́, ẹ má fi omídùn tọ́jú rẹ̀, ẹ má sì dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín. Ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà.