Bí Ọ̀rọ̀ Márùn-ún Ṣe Wọ Òfin Jámánì

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni lédè Jámánì: ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin dọ́gba. Abala kẹta ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ló wà títí dòní. Ẹni tó bá kà á lónìí lè rò pé kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn rẹ̀. Wọ́n jiyàn rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n dà á nù.

Lọ́yà kan láti ìlú Kassel, Elisabeth Selbert, ló dúró tì í. Ọdún 1896 ni wọ́n bí i. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ méjì, kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì. Nígbà tí ìjọba Hitler gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì tì í mọ́lé, iṣẹ́ lọ́yà tí ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà ní ìparí 1934 ni wọ́n fi ń jẹun. Kò pẹ́ sí i tí ìjọba náà fi ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ yẹn mọ́ àwọn obìnrin.

Ní 1948, lẹ́yìn ogun, ènìyàn 65 jókòó ní Bonn láti kọ òfin tuntun fún Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Mẹ́rin péré ni obìnrin, Selbert sì wà lára wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ inú òfin ìpìlẹ̀ 1919 lọ: pé gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ kan náà ni tọkùnrin tobìnrin ní. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ orílẹ̀-èdè ń dìbò. Ìyàwó ilé ńkọ́? Òfin tí wọ́n ń lò láti 1900 sọ pé ọkọ ló ń pinnu ọ̀ràn ilé, òun náà ló ń ṣàkóso ohun ìní tí ìyàwó bá mú wá. Selbert mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn bá wọlé, òfin ìgbéyàwó náà ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Àwọn alátakò mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí tí wọ́n fi dìbò tako o ní oṣù Kejìlá nìyẹn.

Selbert bọ́ sójú ọ̀nà. Láti ìlú dé ìlú ló ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, àwọn tó fọwọ́ ara wọn kó àlàpà ilé tí bọ́ǹbù wó, tí wọ́n ń dá bọ́ ọmọ. Ni lẹ́tà bá ń rọ́ dé Bonn, látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Apẹ̀rẹ̀ aṣọ fífọ̀ ni wọ́n ní wọ́n fi ń kó wọn wọlé. Mo fẹ́ràn apẹ̀rẹ̀ yìí púpọ̀: òfin àtijọ́ náà ló sọ pé iṣẹ́ ilé di dandan fún ìyàwó, apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ló wá gbé ẹ̀hónú wọn lọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní 1949, ìgbìmọ̀ tó kọ̀ ọ́ ní oṣù Kejìlá tún dìbò. Ẹnikẹ́ni ò tako o.

Wọ́n fún àwọn òfin tó bá ta kò ó ní gbèdéke, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953. Ọjọ́ náà kọjá, àwọn aṣòfin ò tíì ṣe nǹkan kan. Òfin ìgbéyàwó tuntun ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi ní 1958. Ó dùn mí pé Selbert fúnra rẹ̀ ò ráyè jókòó nílé aṣòfin àpapọ̀ rí. Títí di 1977 ni òfin ṣì ń sọ pé ìyàwó lè ṣiṣẹ́ níta bí kò bá ti pa iṣẹ́ ilé lára. Nígbà tí wọ́n yọ ìyẹn kúrò, Selbert ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń ṣe lọ́yà ní Kassel.