Ètò Nàìjíríà láti rán ènìyàn lọ sí òfurufú

Ètò yìí ni ìpinnu ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà kan yóò kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ ilé ayé mọ. NASRDA, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ òfurufú, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999, ló ń bójú tó o.

Gbèdéke

Ètò ọlọ́dún 25 tí wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀ fi 2015 ṣe gbèdéke. Ọdún náà dé, ó kọjá, ẹnikẹ́ni kò lọ. Ní 2016, Ogbonnaya Onu, mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ nígbà náà, kéde pé ó di 2030.

Iṣẹ́ sátẹ́láìtì

Ibí ni Nàìjíríà ti ní ohun tó lè tọ́ka sí. NigeriaSat-1, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó bí 100 kìlógíráàmù, gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, àwòrán ilẹ̀ ló máa ń yà, ó sì wà lára ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì tí àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan jọ ń lò nígbà àjálù. NigComSat-1, ti ìbánisọ̀rọ̀, tí Ṣáínà kọ́, tẹ̀lé e ní 2007. Àwọn pátákó tó fi ń gba iná lára oòrùn bàjẹ́ ní 2008, ó sì kú sókè. NigComSat-1R ló rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2011. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ti jọ gun rọ́kẹ́ẹ̀tì Dnepr láti Yasny ní Rọ́ṣíà. NigeriaSat-X ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn: àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-iṣẹ́ Surrey Satellite Technology ní Guildford, ìlú Ọba.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Kò sí ìkankan nínú àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí tó gbéra láti ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀ka NASRDA tó wà ní Ẹ̀pẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń ṣèwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn kéékèèké ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Èyí tí yóò gbé ènìyàn yípo ayé ní láti sáré tó bí 28,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Inú ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́ mímí, ara ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ooru ìgbà tó bá ń padà bọ̀ wá sí ayé, ó sì gbọ́dọ̀ lè já kúrò bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbiná. Sátẹ́láìtì kò nílò nǹkan mẹ́ta tó kẹ́yìn wọ̀nyí, nítorí náà ìrírí sátẹ́láìtì nìkan kò lè tó.

Orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré ló ti fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn gbé ènìyàn lọ: Soviet àti Amẹ́ríkà ní 1961, Ṣáínà ní 2003. Íńdíà ti ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ gbé sátẹ́láìtì láti 1980. Síbẹ̀, gbèdéke 2022 tó kéde ní 2018 fún ìrìn-àjò ènìyàn yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìjókòó nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn

Ọ̀nà yìí ló jọ pé ó yá jù. Ní 2024, NASRDA bá SERA, àjọ kan tó ń ṣètò ìrìn-àjò òfurufú, tó fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ṣe àdéhùn kí ọmọ Nàìjíríà kan lè wọ New Shepard, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Blue Origin. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 ni ìrìn-àjò ọkọ̀ yìí máa ń gbà: á gòkè ré kọjá 100 kìlómítà, á sì sọ̀ kalẹ̀ láì yípo ayé.