Bíà Dúdú Kọ́ Ni Bíà Tó Le

Níbi ìkómọjáde kan ní Munich, ife méjì wà níwájú mi lórí tábìlì. Mọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọdé ń mu ló wà nínú ọ̀kan, Malzbier ni àwọn ará Jámánì ń pè é. Doppelbock, bíà Jámánì kan tó le, ló wà nínú èkejì. Ká ní wọ́n ní kí n fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀, mi ò lè ṣe é. Àwọn méjèèjì dúdú bí àgbo. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí lápá: "Àbúrò, fi dúdú yẹn sílẹ̀ o. Òun ló ń gbéni ṣubú. Èyí tó mọ́ bíi tèmi yìí ni kó o mu, kò le rárá."

Mi ò dá ẹ̀gbọ́n lẹ́bi. Ilé la ti kó ìgbàgbọ́ yẹn wá. Ní Nàìjíríà, bíà dúdú tí gbogbo wa mọ̀ ni Guinness, èyí tí wọ́n ń pè ní ódéku, 7.5% sì ni ọtí inú rẹ̀. Star àti Gulder tó mọ́ roro, nǹkan bí 5% ni. Ẹni tó bá mu ọ̀kan lónìí, tó mu èkejì lọ́la, ara rẹ̀ á sọ fún un pé dúdú ló le, òótọ́ sì ni ara rẹ̀ sọ. Ibi tá a ti ṣì í ni pé àwọ̀ la gbé agbára náà fún. Guinness tí wọ́n ń fà nínú àgbá ní Ireland dúdú bíi tiwa gẹ́lẹ́, 4.2% ni. Ògógóró tó mọ́ bí omi òjò ńkọ́? Ta ni kò mọ ohun tó ń ṣe fún èèyàn?

Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ọkà báálì ni ti àwọn ará Bavaria, agbègbè tí Munich wà, ooru ni wọ́n sì fi ń gbẹ ẹ́. Ọkà tó hù, tí wọ́n sì gbẹ yìí, ni wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀tì. Nídìí ooru yìí ni àwọ̀ ti ń wá. Báálì tí wọ́n fẹ́ fi pọn bíà tó mọ́, bí 80 sí 85°C ni wọ́n ń fi parí gbígbẹ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀tì Munich, tí wọ́n ń lò dáadáa nínú doppelbock dúdú, á tó bí 100°C. Ohun tó ń mú kí ẹ̀yìn búrẹ́dì pọ́n nínú ààrò, tó fi ń ta sánsán, náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí i. Búrẹ́dì tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n kì í pani bí ọtí. Tí wọ́n bá wá yan mọ́ọ̀tì títí ó fi dú bí èédú, díẹ̀ péré ti tó láti pa odindi ìkòkò láró. Irú bíà bẹ́ẹ̀ ni Köstritzer, láti ìlú Bad Köstritz ní Thuringia. Ó dúdú bí òru, síbẹ̀ 4.8% ni. Augustiner Hell ti Munich tó mọ́ bí oyin, 5.2%.

Iye mọ́ọ̀tì tó wọ inú omi ló ń fún bíà lágbára. Omi gbígbóná á sọ ìyẹ̀fun inú mọ́ọ̀tì di ṣúgà, ìwúkàrà á jẹ ṣúgà náà, á sọ ọ́ di ọtí. Kí ìwúkàrà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ìdá 11 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe Helles, bíà ojoojúmọ́ ní Munich, ló jẹ́ ohun tó yọ́ jáde lára mọ́ọ̀tì. Ti bock, bíà tó le ju Helles lọ, gbọ́dọ̀ tó 16, ti doppelbock sì máa ń tó 18. Kò sẹ́ni tó béèrè àwọ̀. Ìyẹn ni doppelbock tó mọ́ náà fi wà. Nínú àwọn tó dúdú pàápàá, ẹ wò ó: Salvator ti ilé ìpọntí Paulaner, tí àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n bí idẹ, jẹ́ 7.9%. Celebrator ti Ayinger dúdú jù ú lọ dáadáa, 6.7% péré ni.

Àwọn mọ́ńkì Paulaner ní Munich ló bẹ̀rẹ̀ doppelbock, ọdún 1780 ni wọ́n sì gbàṣẹ láti máa tà á fún ará ìlú. Tiwọn nígbà náà ki, ó sì dùn ju ti òde òní lọ, torí pé ṣúgà púpọ̀ ló ṣẹ́ kù tí ìwúkàrà kò jẹ. Nítorí náà, ọtí inú rẹ̀ kéré sí ti ìsinsìnyí. Bíà tó ki bí ẹ̀kọ, tí kò sì le tó ti wa!

Mo gbé ife doppelbock náà sójú fèrèsé, mo wá rí pupa tó ń tàn nínú dúdú rẹ̀. Ìhó orí rẹ̀ ní àwọ̀ bí ẹ̀yìn búrẹ́dì. Òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ààrò jáde ló kọ́kọ́ kàn mí nímú, lẹ́yìn náà ti èso àjàrà gbígbẹ. Nígbà tí mo mu ún, ó tẹ́ lórí ahọ́n, ó dùn níwọ̀nba, kò korò bí ódéku, kò sì rùn bíi nǹkan tó jóná. Lágà sì ni o! Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bíà tó mọ́ nìkan ló ń jẹ́ lágà, àmọ́ ìfipamọ́ ni ọ̀rọ̀ Jámánì náà túmọ̀ sí: wọ́n máa ń fi í pa mọ́ síbi tó tutù fún oṣù mélòó kan. Ẹ má gbé e sínú yìnyín tí ẹ bá fẹ́ mu ún. Òtútù tó pọ̀ á pa òórùn búrẹ́dì yẹn.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó ń dùn mí: pé bíà dúdú ń fúnni lẹ́jẹ̀, tí àwọn kan fi ń gbé e fún aláboyún. Àwọ̀ iná ni àwọ̀ yẹn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọtí sì ń pa ọmọ inú lára, ì báà dúdú, ì báà mọ́.

Mo yí ìgò tó wà níwájú ẹ̀gbọ́n padà. Maibock ni, irú bock kan, ó mọ́ lóòótọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí." Wọ́n sún un mọ́jú: 7.2% vol. Ìgò kẹta wọn nìyẹn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí ìyàwó wọn.