Kí Ẹ Tó Wo Pátákó Ilé Ìwòsàn Ajá, Ẹ Wo Fíríìjì Wọn

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, ká tètè gbé e kúrò nílẹ̀. Ní Nàìjíríà, Veterinary Council of Nigeria ló ń forúkọ dókítà ẹran sílẹ̀, ọdọọdún sì ni dókítà gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, ì báà jẹ́ Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí FUNAAB l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ajá tó sì mọ síríńjì í dì mú kì í ṣe dókítà, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ funfun tó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ọdún yìí hàn yín. Bí ìbéèrè yẹn bá bí wọn nínú, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni fíríìjì.

Àjẹsára ajá tí wọ́n ń lò jù lọ́dọ̀ wa pín sí oríṣi méjì, ohun tó sì ń ba ọ̀kan jẹ́ kọ́ ló ń ba èkejì jẹ́. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn oníajá mọ̀ sí DHLPP, tó wà fún àwọn àrùn ajá bíi distemper, parvo (èyí tó ń mú ọmọ ajá ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀) àti àwọn mìíràn. Ìgò méjì ló máa ń jẹ́: nǹkan gbígbẹ funfun kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀kan, omi wà nínú èkejì. Nínú èyí tó gbẹ yẹn ni fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè wà, tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kú sínú ìgò, ó tán. Ooru ló sì ń pa á. Oríṣi kejì ni àjẹsára dìgbòlugi, tó máa ń jẹ́ olómi. Nínú èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ti kú tẹ́lẹ̀, wọ́n sì po èròjà kan mọ́ ọn tí yóò ta ara ajá jí. Èyí lè fara da ooru díẹ̀, àmọ́ bó bá fi lè di yìnyín, èròjà yẹn á ṣù pọ̀, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́ bó bá yọ́ tán. Láàárín 2°C sí 8°C ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ìyẹn ni pé fíríìjì kan ṣoṣo lè ba oríṣi méjèèjì jẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n mú iná lọ láti àárọ̀ di alẹ́, inú fíríìjì móoru, DHLPP fara gbá a. Iná dé lóru, wọ́n ti yí bọ́tìnnì dé ìpẹ̀kun kó lè tètè tutù, ìgò dìgbòlugi tó wà lábẹ́ ibi yìnyín sì dì gbagidi. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, gbogbo rẹ̀ ti tutù rẹ́gí, ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn wò kò ní rí àléébù kankan. Àjẹsára tí ooru ti pa kì í rùn, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà. Dìgbòlugi tó ti dì rí nìkan ló máa ń tú ara rẹ̀ fó nígbà míì: bẹ́ ẹ bá gbọn ìgò rẹ̀, tẹ́ ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ègé wẹẹrẹ tó ń yára rọ̀ sísàlẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé fíríìjì wà lẹ ó wò. Ẹ wo tẹmómítà inú rẹ̀, irú èyí tó ń tọ́jú ìwọ̀n tó ga jù àti èyí tó wálẹ̀ jù látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣètò kẹ́yìn, àti bébà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Pẹpẹ àárín ni ìgò àjẹsára ń gbé. Kì í gbé ara ilẹ̀kùn, kì í sì í gbé abẹ́ yìnyín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí omi nínú fíríìjì ilé ìwòsàn máa ń sọ pé wọn ò mọ iṣẹ́. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ omi tí wọ́n ń tà, torí gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni òtútù ń sá jáde. Ṣùgbọ́n ike omi tí ẹnikẹ́ni kì í mu, tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ àti ara ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Omi tó ti tutù kì í tètè gbóná. Bí iná bá lọ, òun ló ń di inú fíríìjì mú. Ilé ìwòsàn kékeré tó ní sólà fún fíríìjì nìkan tún sàn ju èyí tó ní jẹnẹrétọ̀ ràgàjì tí wọ́n ń tàn kìkì nígbà tí oníbàárà bá dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ gbọ́: “Ọmọ ajá mi gba abẹ́rẹ́ parvo, parvo náà ló pa á. Ayédèrú ni wọ́n fún un.” Ayédèrú wà lóòótọ́, fíríìjì burúkú sì wà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé abẹ́rẹ́ dára, dókítà dára, ìgbà tí wọ́n gún un ni kò bá a mu.

Wàrà tí ìyá ajá ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i kún fún èròjà tó ń bá àrùn jà. Ẹ fi èròjà yẹn wé àwọn ọdẹ tí ìyá gbà síbi ilé ọmọ. Àjẹsára ni ẹni tó wọ aṣọ olè wá, kó lè fi ìrísí olè han àwọn ọ̀dọ́ inú ilé, kí wọ́n má bàa gbàgbé rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ọdẹ ò mọ ìyàtọ̀. Kí olùkọ́ yìí tó la ẹnu, wọ́n ti nà án dé òpópónà, àwọn ọ̀dọ́ ò sì rí nǹkan kan kọ́. Àwọn ọdẹ wọ̀nyí kì í ṣe títí ayé. Ìyá ò san owó tuntun mọ́, wọ́n ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dé ibì kan tó jẹ́ pé àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ṣì lè na olùkọ́ tí kò mú nǹkan dání, àmọ́ tí wọn ò lè dá olè tó gbé ìbọn dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn ni parvo ń ráyè wọlé. Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán wo ọmọ ajá kó mọ iye ọdẹ tó kù nílé rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà gan-an kì í bára dọ́gba: èyí tó bá rí wàrà mu yó lọ́jọ́ yẹn ni ọdẹ rẹ̀ ń pẹ́ jù.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i nìyí: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, wọn kò sì ní dáwọ́ dúró títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Kì í ṣe pé wọ́n ń to agbára lé agbára. Ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń padà kàn, torí wọn ò mọ ọjọ́ tó máa ṣí. Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ló ṣe kókó jù, òun náà sì lèyí táwọn èèyàn kì í padà wá gbà. Ẹni tó ń ta ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún yín, tó ní “ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé,” àlọ́ ló ń pa. Ilé ìwòsàn tó bá gba ọ̀rọ̀ náà wọlé láìwo káàdì, láìbéèrè ọjọ́ orí, ẹ máa bá tiyín lọ. Ti dìgbòlugi, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ gún un, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún lọ́dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran, NVRI, ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é nílẹ̀ yìí, kò pọn dandan kó jẹ́ ti òkè òkun.

Dókítà tó ń wá sílé ńkọ́? Kò burú rárá, pàápàá fún ológbò, tí ọkọ̀ àti gbígbó ajá máa ń kó jìnnìjìnnì bá. Àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ò mọ àjẹsára. Inú kúlà tó ní yìnyín ló gbọ́dọ̀ ti jáde, kí nǹkan sì wà láàárín ìgò àti yìnyín kí dìgbòlugi má bàa dì. Ojú yín ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti po èyí tó gbẹ mọ́ omi rẹ̀, kí wọ́n sì gún un kíá. Síríńjì tí wọ́n ti fa oògùn sí láti ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a padà.

Bẹ́ ẹ bá gbé ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì pé lọ sílé ìwòsàn, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀. Parvo lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, apakòkòrò tó ń funfun bí a bá bu omi sí i, tó sì ń ta sánsán nímú, kò ṣeé gbára lé fún un. Òórùn “ọsibítù” yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. (Irú rẹ̀ tún jẹ́ májèlé fún ológbò.) Bílíìṣì lásán ló ń ṣe é: ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 30, bí wọ́n bá kọ 5% sára ike rẹ̀, bó bá jẹ́ 3.5%, kí omi má ju ìwọ̀n 20 lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí ìdọ̀tí ń sọ bílíìṣì di omi lásán, kí bílíìṣì sì rin ilẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ bi ẹni tó ń nulẹ̀ ní ohun tó ń lò. Òun ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọ̀gá. Ilé ìwòsàn tó mọ ohun tó ń ṣe yóò ní kí ajá tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ dúró nínú mọ́tò títí wọn ó fi jáde wá bá a.

Ó ku òṣùwọ̀n àti máíkírósíkóòpù. Ibà eégbọn tí Babesia, kòkòrò àrùn kan tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, ń fà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ara ajá á gbóná, èrìgì rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi kóòkì. Oògùn tí wọ́n máa ń fi tọ́jú rẹ̀ ni diminazene, 3.5 mg fún kílò kan. Àmọ́ sáṣẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ lọ́jà, èyí tó jẹ́ gíráàmù 2.36, màlúù 300 kílò ni wọ́n ṣe é fún. Ajá kílò 10 kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá kan nínú 30 rẹ̀ lọ. Ẹni tó fojú díwọ̀n ajá yẹn sí kílò 15 ti fi ìlàjì lé e. Ohun tó lè tẹ̀ lé e ni pé lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ ajá á máa kọlu ara wọn, orí rẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí oògùn ti ba ọpọlọ jẹ́, wọ́n á sì ní àrùn ló pa á. Ibi tí kò bá sí òṣùwọ̀n, kò sí diminazene níbẹ̀. Máíkírósíkóòpù ní tirẹ̀ ló ń fi hàn bóyá Babesia wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti etí ajá ti tó. Níbi tí gbogbo ajá aláìsàn ti ń gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta kan náà láìsí àyẹ̀wò, wọn ò ṣe ju kí wọ́n máa ta oògùn lọ.

Àwọn tó ń gbé ajá wọn jápa lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bá èsì fíríìjì pàdé nínú ìwé. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi microchip, ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá, sábẹ́ awọ rẹ̀ kí wọ́n tó gún un ní dìgbòlugi, tàbí lọ́jọ́ kan náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣíwájú, wọ́n á tún un gún. Ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, yàrá àyẹ̀wò tó ní àṣẹ sì gbọ́dọ̀ rí èròjà tó ń bá dìgbòlugi jà nínú rẹ̀, 0.5 IU (bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n) nínú mílílítà kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ajá á dúró fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ń kà látọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Èsì lè kéré nítorí pé ajá ṣì kéré tàbí pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló gbà rí, àmọ́ bí ajá tó ti ń gbà á lọ́dọọdún bá kùnà, fíríìjì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè. Ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ yìí mọ́ lára máa ń fi ẹ̀rọ ka nọ́ńbà microchip kí wọ́n tó fa oògùn sínú síríńjì, wọ́n á kọ ọ́ sókè káàdì, wọ́n á ṣí sítíkà kúrò lára ìgò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, dókítà á sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.