Ilẹ̀ Tó Ti Sinmi Kọ́ Ni Ilẹ̀ Tó Ti Mọ́

Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé àgéńtì lọ wo ilẹ̀ ní Òṣogbo rí á ti gbọ́ ọ: “Alhaja, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ti kó kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ti sinmi, ẹ wo bí koríko ṣe hù sí i.” Alhaja á wo koríko, á rí i pé ó tutù yọ̀yọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mi ò ní pe àgéńtì náà lónírọ́. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ, ọ̀pọ̀ wa la sì jọ gbà á gbọ́: pé bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òjò á fọ ilẹ̀, koríko á bò ó, ohun yòówù tí wọ́n dà sí i á sì ti lọ.

Oko la ti kó ìgbàgbọ́ yìí wá sígboro. Àwọn bàbá wa a máa fi oko tó bá ti ṣá sílẹ̀ kó di igbó. Bí wọ́n bá padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iṣu a ta dáadáa. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣá, oúnjẹ inú rẹ̀ ló tán; ewé tó ń já bọ́ tó ń jẹrà ló ń dá oúnjẹ náà padà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń da kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì àti omi bátìrì sílẹ̀ fún ogún ọdún, nǹkan ni wọ́n fi kún ilẹ̀. Ewé wo ló fẹ́ bá a yọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú òjé, èyí tí òyìnbó ń pè ní lead. Ẹ lọ dúró wo àwọn tó ń tú bátìrì mọ́tò àlòkù. Wọ́n á fi àdá la ike rẹ̀, omi inú rẹ̀ á ṣàn sílẹ̀, wọ́n á gbọn ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó wà láàárín àwọn àwo òjé dànù, wọ́n á wá kó àwo náà lọ tà fún ẹni tó ń yọ́ ọ. Ẹrọ̀fọ̀ dúdú yẹn, òjé ni. Bó bá gbẹ, á di lẹ́búlẹ́bú, á dà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀, ó parí. Òjé kì í jẹrà, oòrùn kì í sun ún, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Òjò pàápàá kì í sábà gbé e wọlẹ̀ jìnnà, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ típẹ́típẹ́. Òkè, lójú ilẹ̀ níbẹ̀, ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń wà. Ibẹ̀ gan-an lọmọdé ti ń ṣeré. Koríko sì lè hù lórí rẹ̀ kó gbó dáadáa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a mọ̀ pé kò léwu. Bó bá kéré, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ìwé ò kàn ní wọ ọmọ náà lórí, wọ́n á ní olódo ni. Bó bá pọ̀, á mú un bíi gìrì, àwọn òbí á máa wá àgbo kiri. Zamfara fojú rí i ní 2010. Àárín ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta tí wọ́n fẹ́ yọ góòlù lára rẹ̀, òjé ló sì kún inú òkúta náà. Ọmọ tó lé ní 400 ló kú. Àwọn dókítà rí i pé oògùn nìkan ò lè tó: ọmọ tí wọ́n bá tọ́jú, tó bá padà délé, erùpẹ̀ kan náà ló tún ń kó sẹ́nu. Ni wọ́n bá ha ojú ilẹ̀ àwọn àgbàlá kúrò, wọ́n rì í mọ́ kòtò, wọ́n kó erùpẹ̀ tó mọ́ wá dípò rẹ̀. Dareta àti Yargalma wà lára àwọn abúlé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ó di 2013 kó tó kan Bagega. Láàárín ìgbà yẹn, òjò rọ̀ ní Bagega bó ṣe ń rọ̀ lọ́dọọdún. Òjé ò kúrò.

Ti ọ́ìlì yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà nínú erùpẹ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì, bí atẹ́gùn bá ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ́ìlì díẹ̀ tó wà lókè lè lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ti wọlẹ̀ ló ń ṣòro. Epo rọ̀bì tó dànù ní Ejama-Ebubu, nílẹ̀ Ogoni, ní 1970, ṣì wà nínú ilẹ̀ nígbà tí UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2011, wọ́n sì bá epo ní mítà márùn-ún sísàlẹ̀ láwọn ibi púpọ̀ nílẹ̀ Ogoni. Òjò tí a ní ó ń fọ ilẹ̀ wà lára ohun tó ń tì í lọ sísàlẹ̀. Òṣogbo sì rèé, orí àpáta líle la wà. Inú erùpẹ̀ àti òkúta rírọ̀ tó wà lókè àpáta yẹn ni omi kànga wa máa ń dúró sí, kò jìn. Ohun tó bá wọlẹ̀ láàárín ìlú lè tètè bá omi náà.

Àwọn mìíràn á ní, “Kò burú, a ó da típà yẹ̀pẹ̀ pupa mẹ́wàá lé e.” Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Love Canal, nílùú Niagara Falls ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan da nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí kẹ́míkà sínú kòtò níbẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n sì ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ iléèwé ìlú ní 1953. Dọ́là kan ṣoṣo ni wọ́n tà á. Ilẹ̀ dọ́là kan! Ọmọ Òṣogbo ì bá ti fura. Iléèwé dúró níbẹ̀, ilé sì yí i ká, títí kẹ́míkà fi ń jáde sínú àjàalẹ̀ ilé àwọn èèyàn, tí Ààrẹ Carter fi kéde pàjáwìrì ní 1978.

Ẹ má sì torí èyí gba òdì kejì gbọ́, pé ilẹ̀ tó bá ti bàjẹ́ ti kú nìyẹn. Púpọ̀ nínú ibi tí wọ́n ti ṣe Òlíḿpíìkì 2012 ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ fákítọ̀rì àtijọ́ ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ ni wọ́n tún ṣe níbẹ̀, omi ni wọ́n fi fọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Duisburg ní Jámánì, ilé iṣẹ́ irin ńlá kan di ọgbà ìgbafẹ́ ní 1994. Iṣẹ́ àti owó ló ṣe é.

Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo láti 1907, ìlú aláró ni, a ní ilé iṣẹ́ irin àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ, kí á má tíì dárúkọ àwọn mẹkáníìkì. Mi ò sọ pé ilẹ̀ ibì kan nínú wọn ti bàjẹ́; ojú lásán ò lè sọ bó bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́ ni. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò pé ta ló lo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbo ni wọ́n ń da ọ́ìlì sí, níbo ni wọ́n ti ń tú bátìrì. Ẹ wa erùpẹ̀ òkè díẹ̀díẹ̀ níbi bíi mẹ́wàá, ẹ pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tó mọ́, ẹ bu ìwọ̀n agolo mílíìkì kan nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti wà á sí i lára. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dúdú ju ibi tó kù lọ, ẹ mú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ bu omi kànga pẹ̀lú. Láàbù yunifásítì lẹ máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ má kàn ní kí wọ́n bá yín yẹ ilẹ̀ wò o, torí èyí tí wọ́n ń ṣe fún àgbẹ̀ ni wọ́n lè ṣe, wọ́n á wá sọ fún yín pé ilẹ̀ náà dára fún àgbàdo. Ẹ dárúkọ òjé, ẹ dárúkọ ọ́ìlì.

Èsì ló máa sọ ohun tí ilẹ̀ lè gbà. Èyí tí òjé rẹ̀ ga díẹ̀ lè gba ṣọ́ọ̀bù tí kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbin ewédú tàbí gbẹ́ kànga síbẹ̀. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n ha erùpẹ̀ òkè kúrò. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lajú. Nílùú tí wọ́n ti ń kọ́lé lójoojúmọ́, erùpẹ̀ kì í ṣàì rí oníbàárà. Bí ẹ ò bá bá onítípà sọ ọ́, ó lè lọ tà á fún ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi dí kòtò ilé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ mọ ibi tí erùpẹ̀ náà ń lọ kí típà àkọ́kọ́ tó gbéra.