Iṣan Tuntun Nínú Eékún: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Lọ́pọ̀ ìgbà tí iṣan inú eékún bá já lórí pápá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹni tó ṣubú. Ó ń sáré lọ, ó fẹ́ yà sápá ọ̀tún lójijì, ẹsẹ̀ dúró síbi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀, eékún sì yí. Àwọn kan máa ń gbọ́ ọ tó dún nínú eékún wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, eékún á ti wú. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, nílé Remo Stars tó gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lórí pápá oníyanrìn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò ní òpó góòlù. Ohun tí ara máa là kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kò yàtọ̀.

Iṣan ńlá mẹ́rin ló so egungun itan mọ́ egungun ojúgun. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Méjì tó kù dábùú ara wọn nínú eékún lọ́hùn-ún. Èyí tó wà níwájú nínú àwọn méjì tó dábùú ara wọn yìí làwọn dókítà ń pè ní ACL. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú, òun náà ni kì í jẹ́ kó yí kọjá ààlà. Ẹni tí tirẹ̀ já lè máa rìn lọ geere lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìgbà tó bá fẹ́ yíjú padà lójijì, tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ni eékún á yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó já fún ló nílò iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan wà tí eré ìdárayá tí físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tún ara ṣe, fún wọn tó láti fi gbé ayé wọn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ padà sídìí eré tó ń yí ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì sábà máa ń ṣe é.

Wọn kì í sábà rán iṣan tó já náà pọ̀ bí ẹni rán aṣọ. Ara ẹni náà ni wọ́n ti ń gé òmíràn: yálà láti ẹ̀yìn itan, tàbí láti abẹ́ egungun róbótó tó wà lójú eékún. Wọ́n á lu ihò sí egungun itan àti ti ojúgun, wọ́n á fa iṣan náà gba inú ihò méjèèjì, wọ́n á sì fi ìdè tàbí bọ́tìnnì kékeré há a mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ bíi wákàtí kan sí méjì ni. Iṣẹ́ tó kù, ẹni tó ni eékún ló máa ṣe é, oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán ló sì máa gbà á.

Ìdí rèé. Ohun tí wọ́n fi síbẹ̀ kò tíì di iṣan eékún. Wọ́n ti gé e kúrò níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ ọ, kò sì tíì ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ níbi tuntun. Àwọn tó ń gbin obì ní Rẹ́mọ mọ èyí dáadáa: igi tí wọ́n hú lọ gbìn síbòmíràn, ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ kó tó ta gbòǹgbò. Ara á kọ́kọ́ tú iṣan náà palẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun á wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa tún un hun díẹ̀díẹ̀. Láàrin ìtúpalẹ̀ àti ìtúnhun yìí, iṣan náà á rọ ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi sínú eékún. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá ni ìgbà náà máa ń bọ́ sí. Ìgbà yẹn gan-an ni ìrora ti lọ, wíwú ti rọlẹ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń sọ pé, "O ti dáa nìyẹn, kí lo tún ń dúró dè?" Ibẹ̀ ni ewu wà. Ìrora kì í ṣe òṣùwọ̀n fún iṣan yìí rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí eékún lè nà tán. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù pé eékún kò ní ṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò nà tán ló burú jù, torí á sọ èèyàn di ẹni tó ń tiro. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nílé ni ìrọ̀rí. Ìyá tàbí ìyàwó á fi ìrọ̀rí sábẹ́ eékún láti fi kẹ́ aláìsàn, ara á sì tù ú, nítorí pé eékún tó wú fẹ́ràn kó ṣẹ́ díẹ̀. Tó bá sun báyìí lálẹ́ mélòó kan, eékún á bẹ̀rẹ̀ sí í gan síbẹ̀. Abẹ́ gìgísẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi aṣọ ìnura tí wọ́n ká sí, kí abẹ́ eékún ṣófo, kí ìwọ̀n ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ walẹ̀.

Ẹran iwájú itan náà á ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Wíwú inú eékún ló ń pa á lẹ́nu mọ́: ẹni náà á fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ kò ní dáhùn. Ó ń ba èèyàn lẹ́rù, pàápàá ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lóṣù tó kọjá. Kí ó jókòó sórí ẹní, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó fi ẹ̀yìn eékún tẹ ẹní mọ́lẹ̀, kí ó fún itan pọ̀, kí ó ka ení dé àrún kó tó tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, itan lè gbọ̀n lásán. Tó bá ń bá a lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí egungun róbótó ojú eékún á sún sókè díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmì pé ẹran itan ti jí nìyẹn. Fún wíwú, píọ̀ wọ́tà méjì tó ti dì nínú fírísà, tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n sì gbé lé eékún, tó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó sì ṣeé tún ṣe lẹ́ẹ̀melòó kan lóòjọ́. Ọ̀pá abíyá kò ṣeé jù nù torí pé ojú ń tini. Ìgbà tí ẹni náà bá lè rìn láìtiro ló tó fi í sílẹ̀. Tí wọ́n bá tún ìtìmùtìmù tó wà láàrin egungun ṣe pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ yí padà, dókítà ló máa sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ máa tó ilẹ̀.

Àwọn tó ń to egungun nílẹ̀ wa ní iyì tiwọn, ṣùgbọ́n eékún yìí kì í ṣe tiwọn láti fà. Kí wọ́n má fi omi gbígbóná àti òróró wọ́ ọ, kí wọ́n má sì fi agbára ṣẹ́ ẹ. Tí ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sẹ́ni tó máa wọ́ ọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Tí èèyàn kò bá sì lè mí dáadáa, tàbí tí ibà mú un, tí ojú ọgbẹ́ ń sọyún, kó má dúró dọjọ́ keji.

Lápá ṣíṣẹ́, eékún sábà máa ń tó dígírì 90, ìyẹn ìjókòó orí àga, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, á sì tó 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìkúnlẹ̀ ló ń pẹ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ọmọbìnrin ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà láàárọ̀, tí ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń forí kanlẹ̀ lórí ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyí. Iṣan tí wọ́n gé láti iwájú eékún máa ń fa ìrora nígbà ìkúnlẹ̀ ju èyí tí wọ́n gé láti ẹ̀yìn itan lọ. Ó yẹ kí aláìsàn ti bá oníṣẹ́ abẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gé nǹkan kan: "Dókítà, mo máa ń kúnlẹ̀ o." Ní oṣù àkọ́kọ́, èèyàn lè jókòó sórí àga kírun, ó sì lè tẹrí ba, kó ní, "Ẹ má bínú mà, eékún ni." Àgbà tó gbọ́ ìyẹn á ní kó dìde.

Láti oṣù kejì, iṣẹ́ di ti okun: kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan, gígun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lọ sókè sódò, jíjókòó-dìde lórí àga láì fọwọ́ tì. Kò sí ohun tó dùn nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni èèyàn á máa ṣe léraléra. Ẹni tó ń gbé ní Ìpẹ́rù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ lè máa lọ rí físíò ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣàgámù, àmọ́ ọjọ́ tí kò lọ ló pọ̀ jù, iyàrá rẹ̀ ló sì ti máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Sísáré díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà tààrà lè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, bí itan bá ti lágbára tó. Fífò ló tẹ̀ lé e, yíyà lójijì ló kẹ́yìn.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 rí i pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi sún ìpadàsórí-pápá síwájú, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ewu pé eékún á tún bàjẹ́ kù ní nǹkan bí ìdajì. Victor Boniface, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, iṣan eékún rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní Norway. Ó padà sórí pápá lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wà lára Bayer Leverkusen tó gba líìgì Jámánì ní 2024 láìpàdánù eré kan.

Oṣù nìkan kò tó o. Kí físíò tó yọ̀ǹda, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó ìdá 90 nínú 100 ti èkejì, ó kéré tán. Wọ́n á ní kí ó fi ẹsẹ̀ kan fò lọ síwájú, wọ́n á fi téèpù wọn ibi tó dé. Ojú físíò kò sí lára téèpù nígbà náà. Bí ẹsẹ̀ ṣe balẹ̀ ló ń wò: ṣé eékún dúró lókè ìka ẹsẹ̀, àbí ó wó sápá inú? Tó bá wó sínú, wọ́n á padà sídìí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.