Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó gbé ọmọ wọ tíátà

Tí dọ́kítà bá ti ní iṣẹ́ abẹ ńlá ni wọ́n máa ṣe fún ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ òbí á gbà pé ó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn nìyẹn, ó ku Ọlọ́run ó ku dọ́kítà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, ó sì wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé tí wọn ò bá ṣe é, ẹnu ọ̀nà tíátà ni wọ́n ti máa dá ọmọ padà. Ì báà jẹ́ ọsibítù FMC Ìdí-Àbà l'Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ lẹ́tà yín sí o, ì báà jẹ́ UCH n'Ìbàdàn, ètò ẹ̀ fara jọra.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà. Wọ́n á wo PCV, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára ẹ̀, wọ́n á wo irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní. Ìdí tí wọn ò fi ń fọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣeré ni pé èyí tó wà lára ọmọ kéré gan-an. Ká ní ọmọ wọn kílò 5, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ò ju bíi mílílítà 400 lọ, kò kún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ìwọ̀nba tí àgbàlagbà á dà nù tí ò ní mọ̀ ọ́n lára, ó lè sọ ọmọ yẹn di aláìlókun pátápátá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ní kí ẹbí mú ẹni tó máa fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá. Kò pọn dandan kí ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún bá ti ọmọ mu, wọ́n kàn máa fi rọ́pò èyí tí wọ́n bá mú ní blood bank ni. Ẹni tó ti pé ọdún 18 tára ẹ̀ le ni kẹ́ ẹ wá, ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀la iṣẹ́ abẹ, torí wọ́n ṣì máa yẹ ẹ̀ wò fún HIV àti hepatitis.

Tí ọmọ bá ń húkọ́, tí imú ẹ̀ dí, tàbí tára ẹ̀ gbóná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi pamọ́ torí pé ẹ ò fẹ́ kí ọjọ́ yẹ̀. Tín-ín-rín báyìí ni ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ ló máa dí i. Àgbo náà ńkọ́? Tí ìyá àgbà bá ti fún un mu, ẹ sọ. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni bú yín sí i, ohun tó wà nínú ọmọ ni wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun.

Ibi tó le jù ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ibẹ̀ náà sì ni òbí ti lágbára jù. Oorun tíátà kì í ṣe oorun ilé o. Tí èèyàn bá sùn nílé, tí itọ́ fẹ́ gba ibi tí ò yẹ lọ, á húkọ́, á jí. Ẹni tó wà lábẹ́ oògùn oorun ò lè húkọ́, tí wàrà bá wà níkùn ẹ̀, ó lè gòkè wá sọ́fun kó sì lọ já sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè gbẹ̀mí ọmọ. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń lò ni wákàtí 6 fún mílíìkì agolo àti ògì, 4 fún ọmú torí ọmú tètè ń dà níkùn, 2 fún omi lásán. Tó bá jẹ́ ago 8 àárọ̀ ni wọ́n fi ọmọ sí, ago 2 òru ni mílíìkì agolo parí, ago 4 ni ọmú parí, ago 6 ni omi parí. Tí dọ́kítà yín bá kọ àkókò míì, tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Àwọn kan á gbọ́ pé kọ́mọ má jẹun, wọ́n á já a lẹ́nu ọmú láti ago 9 alẹ́. Ìyẹn náà ò dáa! Ṣúgà ara ọmọ ọwọ́ tètè ń wálẹ̀, omi ara ẹ̀ tètè ń gbẹ, iṣan ò wá ní yọ tí wọ́n bá fẹ́ fi kánúlà, rọ́bà tín-ín-rín tí dírípù ń gbà wọlé, sí i lọ́wọ́, wọ́n á máa gún un níbí gún un lọ́hùn-ún. Kí ìyá fi àláàmù sí ago 3 ààbọ̀, kó jí ọmọ, kó fún un lọ́mú títí táá fi yó, kó gbé e léjìká kó gùnfẹ̀. Lẹ́yìn ago 4, kí bàbá tàbí àbúrò ìyá gba ọmọ, torí òórùn ọmú tó ń gbọ́ lára ìyá ẹ̀ ò ní jẹ́ kó dákẹ́. Ó máa sunkún, ó máa máa wá ọmú kiri àyà bàbá, kò rọrùn láti wò rárá. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti máa fi ìka kan omi ṣúgà sí i lẹ́nu, àánú ló sì ń ṣe onítọ̀hún. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kíá, wọ́n lè sún iṣẹ́ abẹ síwájú díẹ̀. Tí wọ́n bá sì pẹ́ kí wọ́n tó pè yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fa dírípù sí i.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, yẹtí, ońdè, ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀ nílé, torí iná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní tíátà lè gba ara irin jó ọmọ. Ẹ má kun làálì fún un, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há ọmọ níka láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn tó lára ẹ̀, làálì lè dà á láàmú. Ẹ mú ìró adìrẹ tó ti rọ̀ dáni, òtútù tètè ń mú ọmọ tó bá ń ti tíátà bọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tún bi yín pé kí lorúkọ ọmọ, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti béèrè ní wọ́ọ̀dù. Ẹ má bínú, ẹ dá wọn lóhùn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Orúkọ ìdílé nìkan ló máa ń wà lára káàdì ọmọ mí-ìn, tó bá wá jẹ́ ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jọra bí omi méjì, okùn tí wọ́n kọ orúkọ sí, tí ọsibítù so mọ́ ọmọ lọ́wọ́, nìkan ló ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má tú u.

Tó bá jẹ́ ikùn ni wọ́n ṣe, ọmọ lè má mu ọmú fún ọjọ́ mélòó kan, dírípù láá máa gbà. Kí ìyá máa fún ọmú ẹ̀ sínú ife tó mọ́ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta tọ̀sán tòru, kí wàrà má bàa gbẹ. Ní wọ́ọ̀dù, láràárọ̀ ni dọ́kítà á máa béèrè pé "ṣé ó ti só?", torí àmì pé ìfun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ní kí ìyá fún un lọ́mú díẹ̀.